Bí A Ti Ń Polówó Ìlera: Ìtàn Àwọn Àgbẹ̀ Àríwá Karelia

Àwọn àgbà a máa wí pé ìpolówó ni àgúnmu òwò. Ẹni tí ó bá gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ ní ọjà tí kò sì la ẹnu, bí ẹrù náà tilẹ̀ dára bí wúrà, ilẹ̀ ni yóò ṣú bá a lórí àtẹ. Ìyá ẹlẹ́kọ mọ èyí. Oníṣòwò ńlá tí ń ta sìgá àti ọtí sì mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́, àwọn tí ń kọ́ni ní ọ̀nà ìlera kò kà á sí. Wọn a dìde dúró, wọn a wí fún àwọn ènìyàn pé, “Ẹ má ṣe jẹ èyí, ẹ má ṣe mu tọ̀hún,” wọn a sì padà sí ilé wọn. Àwọn olùgbọ́ náà a dúpẹ́, wọn a sì padà sí ìdí àwo oúnjẹ wọn gẹ́gẹ́ bí ti àtẹ̀yìnwá.

Ní ọdún 1971, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Philip Kotler àti Gerald Zaltman, kọ àpilẹ̀kọ kan tí wọ́n fi hàn pé ọgbọ́n tí oníṣòwò fi ń ta ọjà wúlò pẹ̀lú fún ohun tí ó jẹ́ ire gbogbo ènìyàn. Wọ́n fún ọgbọ́n náà ní orúkọ kan, èyí tí a lè pè ní èdè wa ní òwò ire ìlú. Nínú òwò yìí, èrè kì í ṣe ti ẹni tí ń tà. Ti ẹni tí ń rà ni. Ní ọdún yẹn kan náà, ní ilẹ̀ tí ó jìnnà réré sí Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn ẹkùn kan ń sọkún òkú wọn, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò gbà wọ́n. Ìtàn wọn ni a fẹ́ sọ níhìn-ín, nítorí pé àgbẹ̀ ni wọ́n, ẹ̀kọ́ púpọ̀ sì wà níbẹ̀ fún gbogbo àgbẹ̀.

ÀÌSÀN TÍ Ń BÁ ÈNÌYÀN GBÉ

Àìsàn kan wà tí ó dà bí àlejò. Ó dé ní àárọ̀, ó ba ara jẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, bí a bá sì tọ́jú rẹ̀ dáradára, ó lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ibà rí. Ṣùgbọ́n àìsàn mìíràn wà tí ó dà bí ayálégbé tí kò san owó ilé, tí kò sì múra àtilọ. Nínú irú èyí ni ẹ̀jẹ̀ ríru wà, àti àtọ̀gbẹ, àti àrùn ọkàn, àti rọpárọsẹ̀, àti ọ̀pọ̀ nínú àrùn jẹjẹrẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àìsàn wọ̀nyí ń wọ ara. Ọkùnrin kan lè ní ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọdún mẹ́wàá kí ó má sì mọ̀, títí di ọjọ́ tí apá àti ẹsẹ̀ kan yóò kọ iṣẹ́.

Ọ̀nà mẹ́ta ni irú àìsàn bẹ́ẹ̀ fi ń jẹ owó. Èkíní ni owó oògùn, èyí tí a gbọ́dọ̀ máa san ní oṣooṣù títí di ọjọ́ ikú. Èkejì ni iṣẹ́ tí a kò ṣe: oko tí a kò ro, ọjà tí a kò ná, ọmọ tí ó kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ nítorí tí baba rẹ̀ wà lórí ẹní. Ẹ̀kẹta ni àkókò àwọn tí ń ṣe ìtọ́jú, pàápàá aya àti àwọn ọmọbìnrin, tí ẹnikẹ́ni kì í ṣírò. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, a ó rí i pé owó tí a fi ń dènà àìsàn wọ̀nyí kéré púpọ̀ sí owó tí a fi ń bá wọn gbé.

ILẸ̀ TÍ ÀWỌN ỌKÙNRIN KÌ Í DÀGBÀ

Fínlándì jẹ́ orílẹ̀-èdè kan ní ìhà àríwá Yúróòpù, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀ nínú ọdún. Àríwá Karelia ni ẹkùn rẹ̀ kan ní ìlà-oòrùn, ní ẹ̀bá ààlà Rọ́ṣíà. Igbó àti adágún omi ni ó kún ibẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì tó 180,000 ní àkókò tí à ń wí yìí. Iṣẹ́ wọn ni gígé igi gẹdú àti sísin màlúù fún wàrà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba pín ilẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun tí ó ti ojú ìjà bọ̀ àti fún àwọn tí ogun lé kúrò ní ilé wọn. Àwọn wọ̀nyí la igbó, wọ́n kọ́ ilé, wọ́n sì ra màlúù.

Nítorí ìyàn tí wọ́n ti rí ní ìgbà ogun, bọ́tà di àmì lójú wọn pé ìyà ti tán. Wọn a fi kun búrẹ́dì nípọnnípọn. Wọn a fi dín ẹran. Wàrà ọlọ́ràá ni wọ́n sì ń mu ní ìdí oúnjẹ bí ẹni mu omi. Iyọ̀ ni wọ́n fi ń pa ẹran àti ẹja mọ́ de ìgbà òtútù. Ní ti ewébẹ̀, wọ́n kà á sí oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Pẹ̀lúpẹ̀lú, ó ju ìdajì àwọn ọkùnrin ibẹ̀ lọ tí ń fa sìgá.

Wọ́n jẹ́ alágbára ènìyàn, tí ń fi àáké bẹ́ igi nínú òtútù líle, ẹnikẹ́ni tí ó bá rí wọn kì yóò rò pé àìsàn wà lára wọn. Síbẹ̀ ọkùnrin ẹni ogójì ọdún tàbí àádọ́ta ọdún a di àyà mú, a ṣubú, a kú. Kò sí ìdílé tí kò ní opó. Láàrín ọdún 1969 sí 1971, nínú 100,000 ọkùnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàrín ọdún 35 sí 64, nǹkan bí 672 ni àrùn ọkàn ń pa ní ọdọọdún ní ẹkùn náà.

Wọ́n ti rò pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run kọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1958, Ancel Keys, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn ọkùnrin wò ní orílẹ̀-èdè méje: Amẹ́ríkà, Fínlándì, Nẹ́dálándì, Ítálì, Gíríìsì, Yugosláfíà àti Japan. Wọ́n rí i pé kò sí ibi tí àrùn ọkàn gbé ń pa ọkùnrin tó ìlà-oòrùn Fínlándì. Ní erékùṣù Kírétè ní ilẹ̀ Gíríìsì, níbi tí òróró ólífì àti ewébẹ̀ ti jẹ́ oúnjẹ ojoojúmọ́, ikú bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n gidigidi. Nítorí náà kì í ṣe àyànmọ́. Ohun tí ó lè yí padà ni.

Nígbà tí ìròyìn yìí tàn dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn ènìyàn Àríwá Karelia kò jókòó. Ní oṣù kìíní ọdún 1971, gómìnà ẹkùn náà, pẹ̀lú àwọn aṣojú wọn ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àti àwọn olórí ẹgbẹ́, fi ọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ kan sí ìjọba, pé kí a ràn wọ́n lọ́wọ́ kí àwọn ọkùnrin wọn má bàa kú tán. Ẹ kíyèsí èyí: àwọn tí ó ní ìṣòro ni ó kọ́kọ́ béèrè. Ìṣègùn tí a fi ipá gbé wọ ìlú kì í pẹ́.

Ọ̀DỌ́MỌDÉ DÓKÍTÀ ÀTI ÌRÒ RẸ̀

Ní ọdún 1972 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí a fi ṣe olórí rẹ̀ ni Dókítà Pekka Puska, tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tí ó sì ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìṣègùn àti nípa ìgbé ayé àwùjọ pẹ̀lú. Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe ni wíwọ̀n. Ní ìgbà ìrúwé ọdún náà, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wò, kì í ṣe ní Àríwá Karelia nìkan, ṣùgbọ́n ní ẹkùn Kuopio tí ó múlé gbè é pẹ̀lú, kí wọ́n lè fi ọ̀kan wé èkejì ní ọjọ́ iwájú.

Wọ́n rí i pé ohun mẹ́ta ni ó ń pa àwọn ènìyàn náà: ọ̀rá tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, àti sìgá. Ọ̀rá ẹran àti ti bọ́tà a máa sọ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ di púpọ̀. Èyí a sì máa lẹ̀ mọ́ ara àwọn iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bọ́ ọkàn, bí èérí ti ń lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá omi, títí ọ̀nà yóò fi há. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti èéfín sìgá a máa ba ara iṣan náà jẹ́, kí èérí lè tètè rí ibi dúró sí. Ní ọjọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ á dì sójú ibi tí ó há, apá ọkàn tí ó ń bọ́ á sì kú.

Kí ni kí a ṣe? A lè kọ́ ilé ìwòsàn ńlá fún àwọn tí ó ti ṣubú. Ṣùgbọ́n Puska rò ó pé bí ọkọ̀ ojú omi bá jò, kò tó kí a máa gbọ́n omi. A gbọ́dọ̀ dí ihò náà. Ó sì tún ro èyí, tí ó jinlẹ̀ jù lọ: àwọn tí àìsàn ti wọ̀ lára púpọ̀ kò tó nǹkan, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń kú ni àwọn tí ewu wọn mọ ní ìwọ̀nba, nítorí pé àwọn ni wọ́n pọ̀. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kí ikú dín kù, gbogbo ẹkùn ni ó gbọ́dọ̀ yí ìwà padà díẹ̀, kì í ṣe pé kí ènìyàn díẹ̀ yí i padà púpọ̀.

OHUN MẸ́RIN TÍ ỌLỌ́JÀ GBỌ́DỌ̀ MỌ̀

Ọgbọ́n òwò ire ìlú dúró lórí ohun mẹ́rin, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí obìnrin ọlọ́jà kò mọ̀.

Èkíní ni ọjà fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tí ń ra ohun tí kò fẹ́. “Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí ó dín kù” kì í ṣe ohun tí ebi rẹ̀ ń pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn Karelia fẹ́ oúnjẹ tí ó dùn. Wọ́n fẹ́ rí ọmọ ọmọ wọn. Wọ́n sì fẹ́ kí ìtìjú kúrò lórí ẹkùn wọn. Ohun wọ̀nyí ni a gbé sórí àtẹ.

Èkejì ni iye rẹ̀. Kì í ṣe owó nìkan ni a fi ń ra nǹkan. Obìnrin tí ó se ọbẹ̀ tuntun, tí ọkọ rẹ̀ sì ti àwo náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ti san iye tí ó wúwo. Ọkùnrin tí ó kọ sìgá nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fà á ti san iye pẹ̀lú. Ọlọgbọ́n a máa wá ọ̀nà láti sọ iye wọ̀nyí di fẹ́ẹ́rẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ibi tí a ti lè rí i. Asán ni kí a sọ fún ènìyàn pé kí ó mu wàrà tí a ti yọ ọ̀rá rẹ̀, nígbà tí kò sí nínú ilé ìtajà tí ó wà ní abúlé rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ìpolówó, àti ẹni tí ń polówó. Ẹnu àjèjì kì í tà bí ẹnu ará ilé.

ÀWỌN ÌYÁ NI Ó KỌ́KỌ́ GBÀ Á

Ní Fínlándì, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan wà tí a ń pè ní Martha, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1899 láti kọ́ àwọn obìnrin ní ìtọ́jú ilé. Àwọn ni Puska tọ̀ lọ. Bí ó bá ti ran àwọn dókítà kiri láti sọ àsọyé, díẹ̀ ni ìbá wá gbọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, àwọn obìnrin Martha pe àpèjẹ ní abúlé kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n sọ ní orúkọ àpèjẹ ẹ̀mí gígùn. Wọ́n sè, wọ́n sì bu oúnjẹ fún tọkùnrin tobìnrin; nígbà tí àwọn ènìyàn bá ti jẹun tán ni a tó sọ̀rọ̀ ní ṣókí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọgbọ́n tí ó wà nínú ìdáná wọn. Àwọn ará Karelia ní ọbẹ̀ ẹran kan tí wọ́n fẹ́ràn, tí a máa ń sè fún wákàtí púpọ̀ nínú ààrò, tí ó sì kún fún ọ̀rá. Àwọn obìnrin Martha kò sọ pé kí a pa ọbẹ̀ náà tì, nítorí ẹni tí ó bá gba ọbẹ̀ ìyá ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀ ti gba nǹkan ju oúnjẹ lọ. Wọ́n yọ apá kan nínú ọ̀rá kúrò, wọ́n dín iyọ̀ kù, wọ́n sì fi kárọ́ọ̀tì, ànàmọ́ òyìnbó àti ewébẹ̀ oníṣu mìíràn kún un. Orúkọ ọbẹ̀ náà kò yí padà. Ó dùn síbẹ̀. Àwo kan náà ni a sì fi bù ú. Báyìí ni iye tí a ó san fi rọrùn.

Pẹ̀lú èyí, a yan àwọn ènìyàn tí a bọ̀wọ̀ fún ní abúlé wọn, ọkùnrin àti obìnrin, olùtajà àti àgbẹ̀ àti olùkọ́, a sì kọ́ wọn ní ìwọ̀n ìmọ̀ tí wọ́n lè fi bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ń kọ orúkọ àwọn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru sínú ìwé, kí wọ́n lè máa tọ̀ wọ́n lẹ́yìn. Ìwé ìròyìn ẹkùn náà àti rédíò ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ibikíbi tí ènìyàn bá yíjú sí, ohùn kan ṣoṣo ni ó ń gbọ́, ohùn náà sì jẹ́ ti ẹni tí ó mọ̀.

Ní ti sọ́séèjì, èyí tí àwọn ènìyàn náà fẹ́ràn púpọ̀, a bá àwọn tí ń ṣe é sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n dín ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ inú rẹ̀ kù. Wọ́n fi olú, tí ó pọ̀ nínú igbó wọn, rọ́pò apá kan rẹ̀. Ẹni tí ń jẹ sọ́séèjì kò pa àṣà rẹ̀ tì, ṣùgbọ́n ọ̀rá tí ń wọ ara rẹ̀ ti dín.

Ọ̀RỌ̀ ÀWỌN ÀGBẸ̀ ONÍWÀRÀ

Níhìn-ín ni ọ̀ràn ti le. Bí gbogbo ènìyàn bá pa bọ́tà tì, kí ni ẹni tí ń sin màlúù yóò jẹ? Ọkùnrin tí ó la igbó lẹ́yìn ogun, tí ó fi ogún ọdún sọ òkúta di pápá, a kò lè tọ̀ ọ́ wá kí a sì wí fún un pé ohun tí ó ń ṣe ni ó ń pa aládùúgbò rẹ̀, kí ó sì dúpẹ́. Àwọn oníwàrà bínú. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ta bọ́tà sọ̀rọ̀ lòdì sí iṣẹ́ náà ní gbangba, wọ́n sì ní ẹni tí ń gbọ́ tiwọn nínú ìjọba. Òtítọ́ sì wà ní ìhà méjèèjì, nítorí ebi kì í ṣe ìlera.

Bí a bá ti fi ọ̀ràn náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo iṣẹ́ ìbá ti dàrú. Ṣùgbọ́n a wá ọ̀nà kí àgbẹ̀ lè jèrè nínú ìyípadà náà. Ọ̀nà kan ni ti iye owó wàrà. Tẹ́lẹ̀ rí, bí ọ̀rá inú wàrà bá ti pọ̀ tó ni owó tí a ń san fún àgbẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Nígbà tí ó yá, a yí ìdíwọ̀n náà padà, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo èròjà amúradàgbà inú rẹ̀ dípò ọ̀rá nìkan. Báyìí ni wàrà tí kò ní ọ̀rá púpọ̀ fi di ohun tí ó ní èrè. A tún gba àwọn oníwàrà láàyè láti po bọ́tà pọ̀ mọ́ òróró, àdàlú tí ó rọrùn láti fi kun búrẹ́dì, tí ọ̀rá ẹran inú rẹ̀ sì kéré.

Ọ̀nà kejì ni irúgbìn tuntun. Ólífì kò lè hù ní ilẹ̀ tí ó tutù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irúgbìn kan wà tí ó jẹ́ ìbátan kábéèjì, tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, tí a sì lè fún òróró láti inú hóró rẹ̀. Èyí fara da òtútù Fínlándì, àwọn àgbẹ̀ sì gbìn ín, títí òróró tiwọn fi dé inú ìkòkò tiwọn.

Ọ̀nà kẹta ni èso wẹ́wẹ́ olómi tí a ń pè ní bẹ́rì. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ náà, oòrùn a máa pẹ́ lójú ọ̀run títí di òru, èyí sì dára fún irú èso bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa jẹ ẹ́ ní àkókò rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kí ó tó tán. Ní àárín àwọn ọdún 1980, iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ìjọba, láti ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ kí wọ́n gbin bẹ́rì, kí a fi yìnyín dì í, kí a sì máa tà á jálẹ̀ ọdún. Àwọn kan tí wọ́n ti ń sin màlúù bọ́ sí oko bẹ́rì, wọ́n sì rí owó níbẹ̀. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ìlera dẹ́kun láti jẹ́ ọ̀tá wọn. Ẹni tí a bá fẹ́ kí ó fi nǹkan sílẹ̀, ó yẹ kí a fi nǹkan mìíràn sí i lọ́wọ́.

SÌGÁ ÀTI ÌDÍJE ÀWỌN ABÚLÉ

Àwọn tí ń ta sìgá ní owó fún ìpolówó ju ẹnikẹ́ni lọ. Òfin nìkan ni ó lè mú kí òṣùwọ̀n dọ́gba. Ní ọdún 1976, Fínlándì ṣe òfin tábà tí ó de ìpolówó rẹ̀, tí kò gbà kí a tà á fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, tí ó sì yọ apá kan nínú owó orí tábà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ìdènà.

Ní ọdún 1978, a kó àwọn afasìgá mélòó kan jọ sí iwájú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, wọ́n sì ń kọ sìgá ní ojú gbogbo orílẹ̀-èdè, wọ́n ń sọ bí ó ti le àti bí ó ti rọrùn. Àwọn tí ń wò wọ́n ní ilé ń bá wọn kọ̀ ọ́ pẹ̀lú. Ó rọrùn fún ènìyàn láti fi ìwà kan sílẹ̀ nígbà tí ó bá rí ẹlẹ́ran ara bí tirẹ̀ tí ń ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni ìdíje wá. A mú àwọn abúlé, a wọn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, a tún wọ̀n ọ́n ní òpin. Abúlé tí tirẹ̀ bá dín kù jù lọ ni ó gba ẹ̀bùn. Ọkùnrin tí kì bá má ti fi bọ́tà sílẹ̀ nítorí ẹ̀mí ara rẹ̀ fi í sílẹ̀ kí abúlé kejì má bàa borí. Ìfẹ́ ọlá, tí ó ti fa ìjà púpọ̀ láyé, ni a lò fún ire níbẹ̀.

Ní ti iyọ̀, òfin ọdún 1993 mú kí a máa kọ ìwọ̀n rẹ̀ sára àwọn oúnjẹ tí iyọ̀ ti ń pọ̀, kí a sì kìlọ̀ lára èyí tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù. Àwọn tí ń ṣe búrẹ́dì àti ẹran kò fẹ́ gbé irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ sórí ọjà wọn, nítorí náà wọ́n dín iyọ̀ kù.

ÈRÈ ÒWÒ NÁÀ

Ọdún 1997 ni a parí iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí a ti gbé e kalẹ̀, lẹ́yìn ọdún 25. Ní ọdún 2006, nínú 100,000 ọkùnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàrín ọdún 35 sí 64, àwọn tí àrùn ọkàn pa jẹ́ nǹkan bí 103, níbi tí 672 ti ń kú tẹ́lẹ̀. Kí a sọ ọ́ lọ́nà tí yóò yé gbogbo ènìyàn: ní ìlú tí ó ní irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ̀rún kan, òkú mẹ́fà tàbí méje ni a ń sin ní ọdọọdún nítorí àrùn ọkàn, nísinsìnyí ó di ẹyọ kan. Ní ọdún 1972, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 90 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ń fi bọ́tà kun búrẹ́dì. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2009, wọn kò pé mẹ́wàá mọ́. Àwọn ọkùnrin tí ń fa sìgá ti dín sí ìwọ̀n ìdá mẹ́ta ní ọdún 2007.

Ṣùgbọ́n olóòótọ́ ọlọ́jà kì í fi ẹ̀yìn àtẹ pamọ́. Ní Kuopio, tí a fi ṣe òṣùwọ̀n, àti ní gbogbo Fínlándì, ikú àrùn ọkàn dín kù gidigidi pẹ̀lú, nítorí pé ìròyìn kì í mọ ààlà, òfin sì kan gbogbo ènìyàn. Láti ọdún 1977 ni a ti ń tan iṣẹ́ náà dé ibi gbogbo ní orílẹ̀-èdè náà. Oògùn àti iṣẹ́ abẹ pàápàá tún dára síi, apá kan nínú ìyìn sì jẹ́ tiwọn. Síbẹ̀, àwọn tí ó ṣe ìṣirò rẹ̀ rí i pé ìyípadà nínú oúnjẹ, sìgá àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ni ó gba ipa tí ó pọ̀ jù. Ó kù síbì kan: iye àwọn obìnrin tí ń fa sìgá ní ọdún 2007 ju ti ọdún 1972 lọ. Láàrín ọdún 2007 sí 2012, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tún gòkè díẹ̀, nítorí pé bọ́tà tún bẹ̀rẹ̀ sí í wu àwọn ènìyàn. Ọlọ́jà tí ó bá dákẹ́, ẹlòmíràn yóò gba oníbàárà rẹ̀.

OHUN TÍ A LÈ MÚ LỌ SÍ ILÉ

Karelia kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá. Bọ́tà kì í ṣe ìṣòro wa, ewébẹ̀ kì í sì í ṣe àjèjì ní ìdí ààrò wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru wọ́pọ̀ láàrín wa, rọpárọsẹ̀ sì ń sọ àwọn tí kò tíì darúgbó di ẹni tí a ń gbé. Ní Nàìjíríà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó ìtọ́jú ni ó ń ti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jáde. Ẹni tí ó ta oko láti fi ra oògùn mọ̀ bí ó ti rí. Nítorí náà ẹ̀kọ́ àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí kàn wá. Àwọn ohun wọ̀nyí ni ẹgbẹ́, ìjọ tàbí abúlé kan lè ṣe láìdúró de ẹnikẹ́ni:

1. Ẹ wọ̀n kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ pe nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ ìlera wá síbi ìpàdé ẹgbẹ́, kí ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ gbogbo àgbàlagbà. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà kan ilẹ̀kùn.

2. Ẹni tí a bá fún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ dá a dúró nítorí pé ara rẹ̀ yá. Oògùn náà ni ó mú kí ara yá.

3. Iyọ̀ ti gbogbo ọjọ́ kan kò yẹ kí ó ju ṣíbí tíì kan tí a rẹ́ lórí lọ fún àgbàlagbà, bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti wí. Iyọ̀ inú magí àti ti ẹja gbígbẹ oníyọ̀ wà nínú ìṣirò yìí. Bí a bá ti fi magí sí ọbẹ̀, kí a dín iyọ̀ rẹ̀ kù. Irú, atalẹ̀, àlùbọ́sà, ata àti efinrin lè mú ọbẹ̀ dùn láìsí iyọ̀ púpọ̀.

4. Kí àwọn ìyá ẹgbẹ́ se oúnjẹ náà ní gbangba, kí a tọ́ ọ wò, kí a tó dá a lẹ́bi. Kí a má ṣe gba ọbẹ̀ àtijọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí a tún un ṣe.

5. Kí a dín iyọ̀ kù díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ahọ́n a máa kọ́ ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ kí a fi ipá kọ́ ọ.

6. Bí ìpàdé bá ní ohun mímu, kí omi wà lórí tábìlì ṣáájú ọtí àti ohun mímu aládùn. Ohun tí ó bá sún mọ́ ọwọ́ ni ọwọ́ ń mú.

7. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ sìgá tàbí áṣáà, kí ó wá ẹnì kejì tí yóò bá a kọ̀ ọ́, kí wọ́n sì dá ọjọ́ kan níwájú ẹlẹ́rìí.

8. Àgbẹ̀ tí ó ní ilẹ̀ díẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé, kí ó gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú sí i, kí ó sì fi ìyókù ránṣẹ́ sí ọjà. Ìlera tí ó ń mú owó wọlé kì í sú ni í ṣe.

Ní Àríwá Karelia, ọkùnrin tí ó jẹ́ ọmọdé ní ọdún 1972, tí ó bá dúró ní ibojì baba rẹ̀ nígbà náà, ti lè di baba àgbà nísinsìnyí, kí ó sì máa ka bẹ́rì pẹ̀lú àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ní oko kan tí màlúù ti ń jẹko nígbà kan rí. Kò sí iṣẹ́ ìyanu kan níbẹ̀. Ọbẹ̀ tí a tún sè ni, àti aládùúgbò tí ó bá aládùúgbò sọ̀rọ̀, àti àgbẹ̀ tí a kò jẹ́ kí ebi pa nítorí òtítọ́.